Bí Ẹ Ṣe Lè Tọ́ Ẹmu Wò Pẹ̀lú Ọ̀rẹ́ Nírọ̀lẹ́ ní Ilẹ̀ Okun

Ní ilẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ìsọ̀ ẹlẹ́mu kò wọ́n. Ẹ ó bá bẹ́ǹṣì gígùn méjì lábẹ́ igi máńgòrò, kẹ́ẹ̀gì mélòó kan tí wọ́n fi ewé dí lẹ́nu, àti àwọn àgbà tó ti jókòó kí oòrùn tó rọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wọ́pọ̀ lẹ́nu oníbàárà níbẹ̀: "Ṣé ó dùn?" Ẹlẹ́mu á ní ó dùn, wọ́n á bu, wọ́n á gbé e mì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé: "Ìgbà wo ló sọ̀ kalẹ̀?" Bí ẹ bá mọ iye wákàtí tí ẹmu ti lò kúrò lórí ọ̀pẹ, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ bó ṣe máa dùn tó, bó ṣe máa le tó, àti bóyá ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án lọ́nà tí kò yẹ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mẹ́rin sí mẹ́fà tó bá fẹ́ lo ìrọ̀lẹ́ kan láti tọ́ ẹmu wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ni mo kọ èyí fún. Àwọn tó ń mu wáìnì èso àjàrà ní òkè òkun ti sọ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ di àṣà: wọ́n á to ife kéékèèké kalẹ̀, wọ́n á wò ó, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á fi ẹnu kàn án, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n rí. Ẹmu wa yẹ fún irú àfiyèsí yẹn, ó tilẹ̀ yẹ fún jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé wáìnì a máa lo ọdún kó tó yí padà, ẹmu kò sì ju wákàtí mélòó kan lọ. Ohun tó ń gba ẹlòmíràn ní ọdún márùn-ún láti kíyè sí, ẹ lè rí i láàárín ìrọ̀lẹ́ kan.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú agbè

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ èyí, torí òun ni gbogbo ìyókù dá lé.

Omi tó ń kán láti ara ọ̀pẹ dùn gan-an nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ṣúgà inú rẹ̀ tó ìdá 10 sí 12 nínú 100, kò sì sí ọtí nínú rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n kí agbè tó kún, ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti èyí tó ti lẹ̀ mọ́ inú agbè ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń jẹ ṣúgà, ó ń sọ ọ́ di ọtí, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ tó ń mú kí ẹmu máa hó. Láàárín wákàtí díẹ̀, ọtí inú rẹ̀ lè tó ìdá 4 nínú 100, èyí tó sún mọ́ bíà tí a ń rà nínú ìgò. Wáìnì èso àjàrà sábà máa ń tó 12 sí 14, nítorí náà ẹmu kò le tó wáìnì, ohunkóhun tí àwọn kan ì báà máa fọ́nnu.

Bí ìwúkàrà ṣe ń ṣiṣẹ́ yìí, àwọn kòkòrò kéékèèké tí ojú kò lè rí, irú èyí tó ń mú ògì kan, ń ṣiṣẹ́ tiwọn náà. Àwọn ló ń mú kí ẹmu bẹ̀rẹ̀ sí í ta lẹ́nu. Tó bá ti kọjá ọjọ́ kan sí méjì, àwọn mìíràn á gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sọ ọtí yẹn di fínígà. Àwọ̀ funfun tí a mọ̀ mọ́ ẹmu pàápàá, ìwúkàrà tó pọ̀ rẹpẹtẹ nínú rẹ̀ ló fà á. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán kì í funfun tó bẹ́ẹ̀. Ooru a máa mú kí gbogbo rẹ̀ yára, òtútù a máa fà á sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí ẹmu àárọ̀ ìgbà ọyẹ́ fi lè ṣì dùn títí di ọ̀sán, tí ti oṣù kẹta, nígbà tí ooru bá mú, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ méjì ṣáájú: ẹ lọ bá adẹ́mu

Ẹ má kàn dédé yọ sí ìsọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹmu tó wà ní ìsọ̀ sábà máa ń jẹ́ àpòpọ̀: ti ọ̀pẹ mẹ́ta, mẹ́rin, ti àárọ̀ àti ti àná, nínú kẹ́ẹ̀gì kan. Ó dára fún mímu, kò dára fún ohun tí a fẹ́ ṣe. Ẹ wá adẹ́mu fúnra rẹ̀, ẹni tó ń gun ọ̀pẹ, kì í ṣe ẹni tó ń tà á nìkan. Ẹ lọ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ nígbà tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ tó sì ti sinmi, ẹ kí i bó ṣe yẹ: "Okun o, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ewu òkè." Ẹni tó ń fi igbà gun ọ̀pẹ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ kì í fẹ́ràn ẹni tó bá ń kánjú bá a sọ̀rọ̀.

Nǹkan tí ẹ máa bẹ̀ ẹ́ nìyí. Kó ya ẹmu ọ̀pẹ kan ṣoṣo sọ́tọ̀ fún yín. Kó fi lítà kan pamọ́ nínú èyí tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ yín, lítà kan nínú ti àárọ̀ ọjọ́ náà, kó sì jẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀ nígbà tó bá tún gùn ún ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pẹ kan náà, wákàtí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ẹ bá lo ọ̀pẹ mẹ́ta, ẹ kò ní mọ̀ bóyá igi ló yàtọ̀ ni àbí àkókò.

Ẹ tún bẹ̀ ẹ́ kó fi omi gbígbóná fọ agbè tó máa gbé kọ́ sórí ọ̀pẹ yẹn, kó jẹ́ kó gbẹ. Ọ̀pọ̀ adẹ́mu máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ìyókù ẹmu tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ nínú agbè kí tuntun lè tètè le. Kò burú, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí ẹmu ìrọ̀lẹ́ ti dàgbà kó tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ẹ kò sì ní rí bí ọmọdé rẹ̀ ṣe rí.

Tí ẹ bá wà ní àdúgbò tí odò tàbí àbàtà wà, ẹ béèrè ògùrọ̀ pẹ̀lú. Etí omi ni igi ògùrọ̀ ti ń hù. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ti àárọ̀ ọjọ́ kan náà, kó lè jókòó ti ẹmu ọ̀pẹ àárọ̀ yẹn láìsí ìjà wákàtí láàárín wọn. Ohun kan wà nípa ògùrọ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń mu ún mọ̀: ọ̀pẹ a máa yọ òdòdó lọ́dọọdún, a sì lè dá ẹmu lára rẹ̀ kó ṣì wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n igi ògùrọ̀ kì í yọ òdòdó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé rẹ̀. Ìgbà òdòdó yẹn ni wọ́n ń dá a, lẹ́yìn rẹ̀ igi náà a kú. Ife ògùrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìparí igi kan ló ti wá. Bí adẹ́mu bá pe owó tó ju ti ọ̀pẹ lọ, ẹ má bá a dúnàá-dúrà jù.

Ẹ san àsansílẹ̀. Oníbàárà adẹ́mu ti ń dúró dè é láàárọ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́, ẹmu tí ẹ bá ní kó pamọ́ fún yín, owó tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ ni tí ẹ kò bá wá.

Tó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹ fi ọjọ́ náà sí ìgbà tí òjò kò bá rọ̀ ní òru. Omi òjò a máa wọ agbè, ẹmu á sì fúyẹ́ lẹ́nu láìjẹ́ pé ẹnìkan ló bu omi mọ́ ọn.

Ohun tí ẹ máa kó dání

Ife gíláàsì funfun kéékèèké, méjì fún ẹni kọ̀ọ̀kan, tí a ti fi omi ṣan dáadáa kí òórùn ọṣẹ má bàa wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ahá àti igbá ló bá ẹmu mu, èmi náà fẹ́ràn wọn ju gíláàsì lọ, ṣùgbọ́n igbá kò jẹ́ kí a rí àwọ̀, ó sì ní òórùn tirẹ̀ tó ń dà pọ̀ mọ́ ti ẹmu. Ẹ fi gíláàsì tọ́ ọ wò, kí ẹ tó gbé ahá jáde fún mímu tó bá kẹ́yìn.

Ẹ mú omi mímu tó pọ̀, ó kéré tán lítà kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Asẹ́ kékeré kan fún oyin àti eṣinṣin. Abọ́ kan tí ẹ máa da ìyókù inú ife sí. Bébà àti bírò. Iṣu sísun tí a kò fi iyọ̀ tàbí epo sí.

Ọ̀rọ̀ abọ́ yẹn gba àlàyé. Àwọn tó ń tọ́ wáìnì wò a máa tu ohun tó wà lẹ́nu wọn dà nù kí wọ́n má bàa yó. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìsọ̀ ẹlẹ́mu. Àgbà tó bá jókòó níbẹ̀ á kà á sí ìwọ̀sí, ẹlẹ́mu á sì rò pé ẹmu òun ló bàjẹ́. Ẹ bu díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́kù sínú ife, ẹ rọra dà á sínú abọ́ kí ife lè gba èyí tó kàn.

Bí ẹ ṣe máa tò wọ́n

Ẹ dé ìsọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Ẹ jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kó má jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń sun ẹran, torí èéfín á gba imú yín lọ́wọ́ yín. Ẹ gbé àwọn kẹ́ẹ̀gì sí ibòji, ẹ tú ìdérí wọn díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde.

Ẹni tó kéré jù láàárín yín ni kó máa bu. Kó kọ́kọ́ ta díẹ̀ sílẹ̀ bó bá jẹ́ àṣà ìdílé yín, kó fi ẹnu ara rẹ̀ kàn án, kó tó gbé e fún àgbà. Tí àgbà ìsọ̀ bá wà nítòsí, ẹ má jẹ́ kí ó máa wò yín níran. Ẹ bu fún un, kí ẹ sì gbọ́ ohun tó máa sọ. Ẹnu tó ti ń mu ẹmu kan náà láti ìgbà èwe mọ ohun tí ìwé kò mọ̀.

Nípa ètò, ọ̀pọ̀ ènìyàn á fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó dùn jù. Mo ní kí ẹ ṣe òdìkejì. Bí ṣúgà bá kọ́kọ́ gba ahọ́n, gbogbo ohun tó bá tẹ̀ lé e á dà bí ẹni pé ó kan ju bó ṣe kan lọ. Àwọn onímọ̀ wáìnì náà kì í fi èyí tó dùn ṣáájú èyí tí kò dùn. Nítorí náà:

Ẹmu ìrọ̀lẹ́ àná ni kó ṣáájú. Ó ti lo nǹkan bí wákàtí 22 sí 24. Ìwọ̀nba ìdámẹ́rin ife kékeré, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí òun ló le jù.

Ẹmu àárọ̀ ọjọ́ náà ló kàn, ó ti lo bíi wákàtí mẹ́wàá.

Ògùrọ̀ àárọ̀, tí ẹ bá rí i, á tẹ̀ lé e.

Èyí tí adẹ́mu bá gbé sọ̀ kalẹ̀ lójú yín ló máa kẹ́yìn.

Lítà kan kan yìí tó fún ènìyàn mẹ́fà, á sì ṣẹ́kù fún àtúntọ́wò.

Wíwò, gbígbóòórùn, títọ́

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti lo àkókò jù.

Ẹ kọ́kọ́ gbé ife náà sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Ṣé ó funfun balau ni, àbí ó ṣì ń tàn bí omi tó ní ìkùukùu díẹ̀? Ẹ wo ìfófòó ojú rẹ̀: ṣé ó nípọn tó sì dúró, àbí ó bẹ́ tó sì pòórá lójú ẹsẹ̀? Ẹ wo bóyá ìfófòó kéékèèké ń gòkè láti ìsàlẹ̀ ife láìdúró. Ẹmu tó ṣì ń hó lọ́nà yìí, ìwúkàrà inú rẹ̀ ṣì ń rí ṣúgà jẹ. Èyí tó ti dákẹ́ jẹ́ẹ́, tó sì ti fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì, ṣúgà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ má ru gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn sókè nígbà tí ẹ bá ń bu.

Lẹ́yìn náà, òórùn. Àwọn oníwáìnì a máa yí ife po kí òórùn lè jáde. Ẹmu kò nílò èyí, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti ń gbé òórùn rẹ̀ wá fúnra rẹ̀, bí ẹ bá sì yí i jù, híhó rẹ̀ á lọ. Ẹ kàn gbé ife sún mọ́ imú, ẹ fà á díẹ̀, ẹ sinmi, ẹ tún fà á. Nínú ẹmu àná, ẹ ó gbọ́ òórùn omi ògì tó ti kan, nígbà míì ẹ ó gbọ́ ohun tó ń ta imú díẹ̀: fínígà tó ń bọ̀ nìyẹn. Nínú ti àárọ̀, òórùn ìwúkàrà ló máa ṣáájú, òórùn ìyẹ̀fun tí wọ́n po sílẹ̀ láti fi ṣe búrẹ́dì. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kò ní òórùn púpọ̀, ẹ ó gbọ́ tútù ara igi àti adùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ẹ wá fi ẹnu kàn án. Ẹ má gbé e mì. Ẹ jẹ́ kí ó dé iwájú ahọ́n, ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, àti ẹ̀yìn, kí ẹ tó gbé e mì díẹ̀díẹ̀. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin, ẹ sì kọ èsì sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀: Ó dùn tó báwo? Ó kan tó báwo? Ó ki ni àbí ó fúyẹ́? Kí ló kù lẹ́nu lẹ́yìn tó ti sọ̀ kalẹ̀? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló ń ya ẹmu gidi sọ́tọ̀. Ẹmu tó dára a máa fi nǹkan sílẹ̀ lẹ́nu, yálà ìkan tó mọ́ tàbí ìkorò díẹ̀ tó ń mú kí a fẹ́ kan án lẹ́ẹ̀kejì. Èyí tí kò bá fi nǹkankan sílẹ̀, omi pọ̀ nínú rẹ̀.

Mo ní kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ torí pé láàárín àwa Okun, tí ẹni tó dàgbà jù bá ti ní "èyí dára", gbogbo ènìyàn á ní ó dára. Ọ̀wọ̀ ni, mi ò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí bébà sọ̀rọ̀ kí àgbà tó sọ̀rọ̀. Ẹ ó rí i pé ẹni tó jókòó tì yín rí ìkorò níbi tí ẹ̀yin ti rí adùn, àríyànjiyàn tó dùn ún gbọ́ á sì bẹ̀rẹ̀.

Mu omi. Jẹ iṣu díẹ̀. Ẹ lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó bọ́ sí èyí tó kàn. Nígbà tí ẹ bá dé orí ẹmu ọ̀pẹ àárọ̀ àti ògùrọ̀ àárọ̀, ẹ bu méjèèjì sínú ife méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ máa lọ máa bọ̀ láàárín wọn. Kò sí ẹni tó lè bá yín pinnu èwo ló dára jù. Èmi ti ẹmu ọ̀pẹ lẹ́yìn, nítorí pé ó lágbára lẹ́nu jù, ṣùgbọ́n mo ti jókòó pẹ̀lú àwọn tí kò ní fi ògùrọ̀ ṣe pààrọ̀ ohunkóhun.

Tó bá kù díẹ̀ kí aago márùn-ún ààbọ̀ lù, ẹ dìde, ẹ lọ sí ìdí ọ̀pẹ. Ẹ dúró jìnnà díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ ó rí adẹ́mu tó ju igbà yí igi ká, tó fara tì í, tó ń gbé igbà sókè lẹ́yìn tó bá ti gbé ẹsẹ̀. Lókè, á tú agbè tó wà lẹ́nu òdòdó, á fi ọ̀bẹ mímú bẹ ojú ọgbẹ́ náà fẹ́lẹ́ kí omi lè tún máa sun, á so agbè òfìfo mọ́ ọn. Nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀, oyin á ṣì rọ̀ mọ́ ọrùn agbè, méjì mẹ́ta á ti rì sínú ìfófòó. Ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀ náà, ẹ bu ú, ẹ tọ́ ọ wò níbẹ̀ lórí ìdúró. Ẹ má gbé e padà sí ìsọ̀ kí ẹ tó tọ́ ọ. Ẹmu tó ti ń kán sínú agbè láti àárọ̀ kì í ṣe omi ọ̀pẹ lásán mọ́, èyí tó kọ́kọ́ kán ti dàgbà nínú agbè, èyí tó kán kẹ́yìn sì ṣì jẹ́ ọmọ tuntun. Méjèèjì ló wà nínú ife yín. Fún ìdí yìí ni ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ṣe máa ń dùn tó sì máa ń ta díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí kò sí nínú èyíkéyìí nínú àwọn tó kù.

Tí ẹ bá padà dé ìsọ̀, ẹ tún bu ẹmu àná díẹ̀. Ẹnu yín á bá a ní ọ̀tọ̀ pátápátá sí bó ṣe rí ní aago mẹ́rin.

Mímọ ẹmu tí wọ́n ti fi nǹkan bù mọ́

Àwọn kan a máa bu omi mọ́ ẹmu, wọ́n á wá fi ṣúgà tàbí sákáríìnì dá adùn rẹ̀ padà. Lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ yìí, ó máa ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ tàn yín, torí wákàtí kò purọ́. Ìwúkàrà a máa jẹ ṣúgà, kò mọ ojúsàájú. Bí ẹlẹ́mu bá ní ti àná ni, tó sì ṣì ń dùn kíki bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, bóyá kì í ṣe ti àná, bóyá ẹnìkan ti fi nǹkan sí i. Bó bá ní ti àárọ̀ yìí ni, tí kò hó, tí kò funfun, tí adùn rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n tó ń fi ìkorò àjèjì sílẹ̀, sákáríìnì ni kí ẹ fura sí. Adùn ẹmu gidi a máa rìn pẹ̀lú ìkan, ó pẹ́ ni, ó yá ni.

Ẹ má fi èyí dójú ti ẹnikẹ́ni ní gbangba ìsọ̀. Ẹ kàn má ra á mọ́.

Ẹmu inú ìgò tún wà. NIFOR, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ ti orílẹ̀-èdè yìí tó wà nítòsí Bẹ̀níì, ti ń rọ ẹmu sínú ìgò tipẹ́, wọ́n á fi ooru pa ìwúkàrà inú rẹ̀ kó lè dúró. Bí ẹ bá rí ìgò kan rà, ẹ gbé e wá, ẹ tọ́ ọ tẹ̀ lé ti àárọ̀. Ẹmu tí a ti dá wákàtí rẹ̀ dúró ni, ó wúlò fún ẹni tó wà níbi tí ọ̀pẹ kò sí, kò sì lè dà bí èyí tó ń hó lọ́wọ́.

Oúnjẹ

Ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n fi ata rodo sè dùn mọ́ ẹmu, gbogbo ayé ló mọ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró di ìgbà tí ẹ bá tọ́ ọ tán. Ata á pa ahọ́n, fún ìgbà díẹ̀ ni kò ní mọ ìkan yàtọ̀ sí adùn. Obì náà, ẹ fi sápò: ìkorò rẹ̀ a máa mú kí ohunkóhun tó bá tẹ̀ lé e dùn, omi lásán pàápàá. Iṣu sísun lásán àti omi tó títí di ìparí, lẹ́yìn náà kí ìkòkò ẹran dé, kí ahá jáde.

Ààbò

Ẹni tó máa wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà padà kò gbọ́dọ̀ mu. Ọ̀nà Kàbà sí Ọbájánà kún fún ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ yan ẹni tí kò ní mu láti ilé, tàbí kí ẹ wá ìsọ̀ tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé. Ẹni tó máa wakọ̀ lè wò ó, ó lè gbóòórùn rẹ̀, ó sì lè kọ ọ́ sí bébà, ìdajì iṣẹ́ náà nìyẹn.

Aboyún kò gbọ́dọ̀ mu ún, ìbáà jẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹmu tuntun kò ní ọtí nínú, ṣùgbọ́n ẹ ti rí i pé nínú agbè lórí igi ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kó mọ̀ pé ṣúgà inú ẹmu tuntun pọ̀. Ẹni tó ń lo oògùn, ní pàtàkì Flagyl, kó yẹra fún un títí tí oògùn yóò fi tán; ti Flagyl, kó tún fi ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta kún un.

Bí ẹnìkan ní ìsọ̀ bá ní kí òun fi ògógóró lé e fún yín, ẹ dúpẹ́, ẹ má gbà. Lọ́dún 2015, ògógóró tí mẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí olóró kan, wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó àti Ìpínlẹ̀ Rivers. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n, ahọ́n kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹmu tí adẹ́mu gbé sọ̀ kalẹ̀ lójú yín kò ní irú ewu bẹ́ẹ̀.

Èyí tó bá ṣẹ́kù

Ẹ má dé kẹ́ẹ̀gì pa. Afẹ́fẹ́ ṣì ń jáde nínú rẹ̀, tí kò bá rí ọ̀nà, kẹ́ẹ̀gì á wú, ìgò á bẹ́, mo sì ti rí ibi tí ìgò ti bẹ́ nínú búùtù ọkọ̀. Ẹ fi ewé tàbí aṣọ mímọ́ dí i lẹ́nu, ẹ gbé e dúró ṣánṣán láàárín ẹsẹ̀ yín nínú ọkọ̀. Nílé, ẹ gbé e sí fíríìjì, á fà á sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣì tú ìdérí rẹ̀ sílẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wúlò: ẹ lè fi po ìyẹ̀fun búrẹ́dì tàbí pọ́fù-pọ́fù, ìwúkàrà inú rẹ̀ á mú un wú dáadáa.

Kí ẹ tó kúrò ní ìsọ̀, ẹ san ìyókù owó adẹ́mu, kí ẹ sì ka ohun tí ẹ kọ sí bébà sí i létí. Ọ̀pọ̀ wọn kò tíì gbọ́ ọ rí pé ẹnìkan mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹmu àárọ̀ wọn àti ti ìrọ̀lẹ́. Ẹ béèrè ọ̀pẹ wo ló tún kàn tó máa dá, àti ìgbà wo, kó lè mọ̀ láti ìsinsìnyí èyí tó máa yà sọ́tọ̀ fún yín.